Àkàrà Òkú Àgbà

Imú tó wà lókè àjà ilé ìdáná sín lẹ́ẹ̀kan, Ìbídùnní sì sáré gbé agbada kúrò lórí iná.

"Ta ló ní kó o gbé e kúrò?" Bàbá Láníyọnu, àbúrò ìyá rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀. Orí àpótí ni bàbá náà jókòó sí, aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbójú sókè síbi tí Imú wà. Nǹkan dúdú kékeré kan ni, kò tóbi ju obì lọ, ihò méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Iná wínníwínní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń tàn bí ewé tútù, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n bí ìyeyè báyìí.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni? Ó ti sín."

"Mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ata ti mú un sín rí. Kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ẹ̀kan yọ orúkọ ilé kankan kúrò ní ilé ìwòsàn."

"Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kejì, Àjọ Ọ̀rá á wá kí wa."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta wá ńkọ́?"

Bàbá dìde. Ó gun orí àpótí, ó sì ń fi aṣọ tútù náà wé Imú bí ẹni ń di ọgbẹ́. Àgbà tó ti lé láàádọ́rin ọdún, lórí àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀! Bó bá ṣubú níbẹ̀, òkú á di méjì nínú ilé, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kò sì ní í kárí. Ìbídùnní di àpótí mú fún un, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Àárọ̀ àná ni ìyá tó bí Ìbídùnní kú. Ìyá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọn ò ṣàìsàn, wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n mu ògì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ó parí. Irú ikú tí àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Ní agboolé wọn ní Ìkirè, wọn kì í fi ẹnu kéde irú òkú bẹ́ẹ̀, àkàrà ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀. Àkọ́bí obìnrin ni yóò bu ṣíbí àkọ́kọ́ sínú òróró. Bí àkàrà gbígbóná bá ti tẹ ará àdúgbò lọ́wọ́, ó ti mọ̀ nìyẹn pé àgbà ilé yẹn ti lọ sinmi, pé ó dàgbà kó tó lọ, àti pé ọmọ ló gbẹ́yìn rẹ̀. Òkú tí kò bá ní àkàrà, ọ̀fọ̀ làwọn èèyàn ń kà á sí.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí òróró gbígbóná ti di ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin. Ìkirè yìí náà ni o, ìlú tí wọ́n fi dòdò mọ̀ káàkiri nígbà kan. Ìyá fúnra wọn dín dòdò ní gáréèjì láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge títí òfin fi dé, tí wọ́n fi kan Imú tí ń gbóòórùn òróró mọ́ àjà ilé ìdáná gbogbo. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí báyìí kò mọ dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ ni wọ́n mọ̀.

"Ká ti lọ dín in nínú igbó ni," Bàbá sọ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀.

"Àwọn ẹyẹ onírin Àjọ ò sí nínú igbó ni? Ẹ gbàgbé ẹni tí wọ́n mú ní oko kòkó?"

"Mi ò gbàgbé. Gbé agbada padà."

Ìbídùnní kò tíì gbé e. Ó mú ìgò tí Bàbá kó òróró wá, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ìgò àgbo ni, ó ṣì ń run egbòogi díẹ̀. Ó fi ìka sẹ́yìn rẹ̀, kò rí ìka ara rẹ̀. Òróró náà dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ẹni tó gbé e fún mi kò sọ orúkọ, èmi náà ò bi í. Òróró wo lo tún fẹ́ rí? Àwọn olówó ló ń rí tuntun."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti fi dín nǹkan?"

"Ìbídùn, òróró ni. Yóò gbóná, àkàrà yóò jinná. Kí lo tún ń wá?"

Ó gbé agbada padà sórí iná, nítorí pé ìyá rẹ̀ ni, àti nítorí pé láti àárọ̀ ló ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ẹ̀wà lórí ọlọ, kí ẹ̀rọ ìlọta má bàa pariwo dé ojú títì. Ó ju ẹ̀wà bíńtín sínú òróró láti wò ó bóyá ó ti gbóná. Òróró náà hó. Kò hó bí ó ṣe yẹ kí òróró hó, ìfófó ló yọ lójú rẹ̀ bí ti ọṣẹ, ó sì gun ara agbada wá sókè, kò fẹ́ rọlẹ̀.

Ìbídùnní mọ ìfófó yẹn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Ìyá máa ń pè é wá síbi agbada láti fi hàn án. Wọ́n á ní, "Òróró tó bá ń hó bí ọṣẹ, dà á nù. Kì í ṣe oúnjẹ mọ́." Ìyá ń dà á nù lóòótọ́. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní gáréèjì kì í dà á nù, wọ́n ń bu díẹ̀ lé e, wọ́n ń lo ti àná, wọ́n ń lo ti ìjẹta, oúnjẹ tiwọn sì ń pọ́n ju ti Ìyá lọ, àwọn awakọ̀ sì ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni bàbá tó bí Ìbídùnní ti ń jẹ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ní àràárọ̀. Bó bá délé, á tún mú búrẹ́dì, á fi bọ́tà funfun yẹn pa á lára, èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe nígbà náà, tí kì í yọ́ bó ti wù kí oòrùn mú tó. Bí Ìyá bá bá a wí, á rẹ́rìn-ín, á ní ẹyọ kan kì í pa èèyàn.

Ọjọ́ kan ló ní, "Ẹ bá mi gbé omi," kò sì sọ ohun tó fẹ́ fi omi ṣe. Ó ṣubú lé orí tábìlì, kò sì dìde mọ́. Lọ́dún yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣubú jákèjádò ìlú, nínú mọ́ṣáláṣí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn kíláàsì, àwọn tí ewú ò tíì yọ lórí wọn. Òórùn tó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà ni èyí tó ń ti inú agbada jáde báyìí.

Imú sín lẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ aṣọ, bí ọmọ ọwọ́ tí òtútù mú.

Ìbídùnní pa iná, ó gbé agbada sẹ́yìn àpò gàrí, ó sì da aṣọ bò ó. Kò pẹ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gbẹ́ni Òjéwùmí ti Àjọ Ọ̀rá ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ilé kí ni, ó wà lára àwọn tí ń dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn kí wọ́n tó fa èèyàn lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá gbọọrọ, ó nu eruku ọyẹ́ kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó sì gbójú sókè wo aṣọ tí wọ́n wé mọ́ Imú.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ọyẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀," ni Ìbídùnní wí.

"Imú yín sín lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni, ǹ bá ní ata ni."

"Ata ni," Bàbá dáhùn.

"Ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́, Bàbá?"

"Ata rodo."

Òjéwùmí kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn dé ibi tí ẹ̀wà lílọ̀ wà nínú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ẹ̀wà rèé. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mọ́ínmọ́ín," ni Ìbídùnní wí. Òfin kò bá mọ́ínmọ́ín jà.

"Ewé dà?"

"Ewé ń bọ̀."

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Ó pọ̀."

"Ìyá ni. Ó wù wọ́n."

"Ìyá ńkọ́?"

Ìyá wà ní yàrá kejì lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, aṣọ funfun bò wọ́n. Ká ní wọ́n wọ òrùka Àjọ, èyí tó ń ṣọ́ ọkàn, bí gbogbo èèyàn ni, òrùka ì bá ti sọ. Ṣùgbọ́n òfin bọ́ òrùka lọ́wọ́ ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ní ẹni tí ọ̀rá kò rí pa títí dìgbà yẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Wọ́n wà," ló dáhùn. "Wọ́n ń sùn."

Òjéwùmí dá etí sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀rọ amútutù ni mò ń gbọ́ yẹn? Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Ooru ń mú wọn."

Ó wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú àgbà ni, kò sí ìyọnu níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi níbí báyìí, àkàrà Àjọ á dé kí oòrùn tó wọ̀. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń yan án, kò ní ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo. Òrùka á sì kéde fún gbogbo ẹbí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

"Gbogbo ẹbí?"

"Gbogbo wọn pátá, ibi yòówù kí wọ́n wà. Á kí wọn kú ará fẹ́ra kù, á dárúkọ olóògbé. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ni."

Ìbídùnní rí òrùka náà lójú inú rẹ̀, ní ìka Akínlàbí. Akínlàbí ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ọkàn ló wà, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ la àyà rẹ̀. Dókítà ti kì wọ́n nílọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ dé etí rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀rọ tó ní ohùn dídùn yóò kí i kú ará fẹ́ra kù, yóò sì pa á.

"Kò sí òkú nílé yìí," ni Ìbídùnní wí.

Bàbá Láníyọnu kọ ojú sí ògiri.

Òjéwùmí mi orí. Ó gun orí àpótí, ó tú aṣọ tútù kúrò lára Imú, ó ká a dáadáa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. "Ọmọ márùn-ún ni ìyá mi bí," ló wí. "Èmi àbíkẹ́yìn nìkan ló kù. Kò sẹ́ni tó pé àádọ́ta ọdún nínú àwọn tó lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo yín jẹ nígbà náà làwọn náà jẹ. Ẹ má rò pé mo kórìíra yín. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta kì í dé ọ̀dọ̀ mi, ilé ìwòsàn ló ń lọ tààrà, wọ́n á sì gbé ẹni yín kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kódà bí ọ̀bẹ bá ti wà lọ́wọ́ wọn."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ ní kí wọ́n sùn dáadáa."

Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìnnà, Bàbá ṣì ń wo ògiri. "O fi ẹnu ara rẹ sọ pé ìyá rẹ wà."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ, Bàbá?"

"Mi ò fẹ́ kó o sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kó o dín in. Ká dín in kíákíá, díẹ̀ náà ni, ká pín in káàkiri kí wọ́n tó ráyè gbọ́. Ẹ̀mí Akínlàbí wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àkàrà ìyá rẹ, ọwọ́ tìrẹ ló wà."

"Pẹ̀lú òróró yẹn? Ẹ rí bó ṣe ń hó. Ẹ fẹ́ kí n gbé e fún Ìyá Ewéjẹ ní ojúlé kejì, kó fún àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ?"

"Ẹyọ kan kì í pa èèyàn."

"Ohun tí bàbá mi sọ nìyẹn."

Ohùn Bàbá yí padà, omi sì wá sójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà títí tí mo fi mọ ìrìn. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Ìbídùn. Ṣé kí n máa sọ fáyé pé ẹ̀gbọ́n mi kò bímọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ìbídùnní wọra. Ó gbé agbada jáde lẹ́yìn àpò gàrí, ó gbé e ka iná, ó bu ẹ̀wà kún ṣíbí, ó sì nà án sókè òróró. Inú bí i sí Bàbá, inú bí i sí Àjọ, inú sì bí i sí Ìyá fúnra wọn. Kí ló dé tí wọn ò lè dúró? Ọjọ́ díẹ̀ sí i kọ́ ló pọ̀ jù fún ẹni tó ti lo ọgọ́rin ọdún. Bó ṣe rò ó tán ni ojú tì í, bí ẹni pé Ìyá gbọ́ ọ láti yàrá kejì.

Eéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú òróró. Ó gbójú sókè wo Imú. Iná rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ihò méjèèjì sì fẹ̀.

Ó dá ẹ̀wà padà sínú abọ́. Ó fi àkísà mú agbada, ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì da òróró náà sínú eérú. Ó fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó ń sunkún, ó ń wa á, títí kò fi ku nǹkan kan tí ojú lè rí. Ẹyẹ Àjọ kan rà bàbà lókè orí rẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà wọlé, Bàbá ti dé fìlà.

"Mi ò bá ọ jà," ni bàbá náà wí. "Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, bóyá ohun tó o ṣe lèmi náà ì bá ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ sin ín, má ránṣẹ́ pè mí. Ẹni tí kò kú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sin ín."

Wọ́n la àyà Akínlàbí, wọ́n sì dí i padà. Dókítà ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ di ti títí ayé, bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní mímọ́ títí ayé, kí Imú má sín lẹ́ẹ̀kẹta. Ìbídùnní dúpẹ́, ó sì padà sílé, níbi tí ẹ̀rọ amútutù ti ń kùn nínú yàrá Ìyá.

Láti ìgbà náà, kò lè rin àdúgbò kọjá kí wọ́n má béèrè. "Ìyá ńkọ́?" Á ní wọ́n wà. "Ẹ bá wa kí wọn." Á ní wọ́n á gbọ́. Ìyá Ewéjẹ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó ní òun mọ̀ pé ọyẹ́ kì í jẹ́ kí àgbà lè jẹun. Ìbídùnní gba àwo náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu yàrá Ìyá, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó fọ àwo, ó dá a padà. Ó ní Ìyá ní kí òun bá àwọn dúpẹ́, ẹ̀kọ náà dùn mọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n gbà kó wọlé kí Akínlàbí, ó bá a níbi tó fi orí lé ìrọ̀rí. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, òrùka ìka rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìbídùnní jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Inú rẹ̀ dùn gan-an láti rí i tó ń mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Akínlàbí wí, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. "Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà." Kò le lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú o, mo ti fura sí yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti la àyà mi, Ìyá ò bá mi sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà ń sọ lórí fóònù pé wọ́n ń sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìròkurò. Nígbà tí ọkọ Ìyá Ewéjẹ wá kí mi láàárọ̀, mo fi ọgbọ́n bi í, mo ní ṣé wọ́n ti gbé àkàrà wá fún un láti ilé wa? Ó ní, 'Àkàrà kẹ̀? Rárá o.'"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ di àyà rẹ̀ mú nítorí ibi tí wọ́n rán, oorun sì ti ń pa á lójú.

"Ọkàn mi wá balẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ pé Ìyá ti lọ ni, òfin yòówù kó wà, mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò ní jẹ́ kí Ìyá lọ láìsí àkàrà."